Ariwo Inú Àpò Gààrí

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí mo ti gbìyànjú láti gbàgbé, àmọ́ tó kọ̀ tí kò lọ, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí gààrí ló ń padà wá bá mi. Nígbà tó sì jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń gbé, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò síbi tí mo fẹ́ sá gbà. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́.

Tíṣà ni mí. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Nígbà náà, mo tún ń lọ sí Àgọ́-Ìwòyè láti kàwé gba oyè kejì, iṣẹ́ ìwádìí mi sì dá lórí àwọn sátẹ́láìtì tí wọ́n fi ń tẹ́tí sí òòrùn àti ìràwọ̀. Títẹ́tí ni mo wí o, kì í ṣe wíwò. Òòrùn máa ń tú ìgbì rédíò jáde. Ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè gbà á bí rédíò ilé yín ṣe ń gba ìròyìn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilé ayé yìí kún fún ariwo. Fóònù, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ àwọn wẹ́dà, gbogbo wọn ló ń da ìgbì tiwọn sínú afẹ́fẹ́. Àwọn ìgbì mìíràn sì wà tí wọn kì í dé ilẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún ló ń dá wọn padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé ẹ́ríà, ìyẹn irin tó ń gba ìgbì, sórí sátẹ́láìtì, tí wọ́n ń rán an lọ síbi tí ariwo wa ò ti ní dí i létí. Tèmi ò le tó bẹ́ẹ̀. Kí n ta wáyà sórí ọparun méjì, kí n gba ìgbì òòrùn sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí n fi í wé èyí tí sátẹ́láìtì gbà lákòókò kan náà. Ó tán.

Ó tán lẹ́nu ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé àkọsílẹ̀ lọ bá ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà, ẹ̀ẹ̀mejì ló dá a padà. Dókítà là ń pè é, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, èyí ló sì ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dunni jù. Àkọ́kọ́, ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Sopẹ́n ni mo ti gbà á. Ó wò ó títí, ó ní, "Sọmíìlì ló wà nínú èyí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka iye pákó tí wọ́n là." Mo tún lọ ṣe ìkejì ní Àgọ́-Ìwòyè níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ó ní, "Jẹnẹrétọ̀ mélòó lo kà lọ́jọ́ náà?" Mo ní méje. Ó ní, "Gbogbo wọn ló wà níbí. Òòrùn nìkan ni mi ò rí."

Ó wá fi kún un pé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn máa kọ orúkọ àwọn tó máa gbèjà iṣẹ́ wọn lọ́dún náà sílẹ̀. Bí n kò bá ní àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó mọ́, orúkọ mi ò ní sí níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ ọdún méjì ni mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ti lo mẹ́ta nídìí ẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pàápàá ti ń bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ti ṣe tán?" Látọjọ́ náà n kò lè jókòó. Tí mo bá jẹun, ìnàró ni. Tí mo bá ń kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ mi á máa rìn lábẹ́ mi bí ẹsẹ̀ adìẹ tó ń wá ibi yé sí.

Màmá mi ló mú ọ̀nà àbáyọ wá. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni màmá mi, tọkàntara sì ni. Ó ní mọ̀lẹ́bí òun kan, Ìyá Táyé, ń gbé ní Efire, létí ọ̀sà, níbi tí iná mànàmáná ò ti fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ó ní nínú oṣù, ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń sinmi fún omi níbẹ̀. Láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dẹ odò, ẹ́ńjìnnì kankan ò sì gbọdọ̀ dún lórí ọ̀sà. Ẹni tó bá ní ìrìn pàtàkì á fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀. Jímọ̀ tó ń bọ̀ yẹn gan-an ni. Mo fò sókè. Ìyá Táyé bá wa bá Baálẹ̀ sọ̀rọ̀, Baálẹ̀ ní kò burú, òun á ní kí gbogbo ará abúlé pa fóònù wọn pẹ̀lú, kí ọmọ àwọn lè ríṣẹ́ ṣe. Ẹ wo irú oore báyìí.

Ìdájí ọjọ́ náà, màmá mi gbé àpò gààrí kan wá. Ó ti fi aṣọ funfun di ẹnu rẹ̀ pinpin. "Gbọ́ o," ó ní, "bó o bá ti débẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni àkọ́kọ́, àpò yìí ni ìkejì. Fà á lé Ìyá Táyé lọ́wọ́ kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣé o gbọ́? Má kánjú o, wọn ò fẹ́ràn ẹni tó ń kánjú létí omi."

Mo ní mo ti gbọ́, mà. Ó gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín, mo bọ́ síta. Àdúrà náà kúrú púpọ̀. Bẹ́ẹ̀, màmá mi kì í gbàdúrà ìrìn àjò tí kò ní tó kí omi hó lórí iná. Ó yẹ kí n fura, àmọ́ ẹni tó ń kánjú kì í fura.

Nígbà tí mọ́tò já mi sílẹ̀ létí omi, mo fi ọkọ̀ dé Òde-Omi, ibẹ̀ ni mo ti bá bàbá arúgbó kan tó máa fi àjẹ̀ wà mí dé Efire. Bàbá náà ò kánjú rárá. Ó ń wa ọkọ̀, ó ń kọ orin ìsìn, ó tún ń dúró kí àwọn ẹyẹ. Mo bi í pé ó kù bí wákàtí mélòó, ó ní a ti ń dé e. Mo tún bi í, ó ní omi ò ní òpó kìlómítà. Nígbà tó yá, ó dá orin dúró, ó dẹ etí, ó ní, "Bí ẹni pé mò ń gbọ́ ohùn obìnrin nínú ọkọ̀ yìí."

Mo ní, "Èmi nìkan lobìnrin tó wà ńbí, Bàbá, mi ò sì sọ̀rọ̀. Omi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wà á lọ."

Ó wò mí, ó wo ẹrù mi, ó mi orí, ó bá orin rẹ̀ lọ.

Ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá kí a tó gúnlẹ̀. Ìyá Táyé ti jókòó de mi níwájú ilé, obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ o, àmọ́ eékún mi ò tíì kan yanrìn tán tí mo ti dìde. Ó gbé omi tútù fún mi, mo ní n ó mu ún tó bá yá. Ó ní kí n jókòó, mo ní òòrùn ti ń ga. Mo kọ́kọ́ sáré lọ ta wáyà mi sórí ọparun. Mo yí ẹ̀yìn padà báyìí, Ìyá Táyé ti sá ìró tútù kan sórí wáyà mi. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, okùn tèmi já láná." Mo bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́, òòrùn ni mo fẹ́ fi í mú. Ó ní òun náà òòrùn lòun fẹ́ kó mú ìró òun. A jọ rẹ́rìn-ín, ó kó o kúrò.

Lẹ́yìn náà ni tábìlì tí mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ lé ń mì lórí yanrìn. Mo wá nǹkan wíwúwo tí n ó fi tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ni mo rí? Àpò gààrí. Mo wọ́ ọ lọ sábẹ́ tábìlì, mo fi ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró wámúwámú. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi.

Ìyá Táyé wo àpò náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbà kì í bi àlejò pé kí lo mú wá fún mi. Ó kàn ní, "Màmá ẹ ńkọ́? Ṣé kò ránṣẹ́ kankan sí mi?"

Mo ń so wáyà mọ́ láptọ́ọ̀pù. Mo ní, "Ó ní kí n kí yín, mà."

"Mo dúpẹ́," ó ní, ó sì gbé ojú kúrò. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń mú mi títí dòní.

Ní aago méjìlá, gbogbo nǹkan parọ́rọ́. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí fóònù, tèmi alára ti wà ní pípa. Mo tan ẹ̀rọ. Ìlà kan ló máa ń fi hàn lójú láptọ́ọ̀pù. Bí kò bá sí ariwo, ìlà náà á sùn sílẹ̀ gbọọrọ. Bí òòrùn bá tú ìgbì jáde, á gbérí sókè, á gbọ̀n, á sì wálẹ̀. Mo wò ó. Kò sùn. Ó gbérí, ó gbọ̀n jìgìjìgì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó tún gbérí. Ọkàn mi fò. Mo fi aago wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sókè, ìṣẹ́jú kan nílẹ̀. Mo dìde, mo rìn yí tábìlì po, mo jókòó, mo tún dìde. Ìgbà mẹ́wàá ni mo kà á, kò yẹ̀ rárá.

Òòrùn kì í wo aago. Ọmọ kíláàsì mi tó kẹ́yìn pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ń ṣe déédéé báyìí kì í ṣe òòrùn. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á ti wá ibi tí ariwo ti ń wá. Èmi? Mo ti gbà pé mo ti rí nǹkan tuntun lójú ọ̀run. Mo ti ń ronú orúkọ tí n ó sọ ọ́. Mo ti ń gbìyànjú bí n ó ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń yà mí ní fọ́tò, ẹ̀rín ìrẹ̀lẹ̀, tí kò fi eyín hàn jù. Wákàtí méjì gbáko ló lọ báyìí, èmi ò sì gbìyànjú ohun mìíràn kankan.

Lẹ́yìn náà ni ara mi ò gbà á mọ́. Mo sáré lọ pe Baálẹ̀. Baálẹ̀ dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, gbogbo abúlé sì tẹ̀ lé e, nítorí wọn ò rí nǹkan mìíràn ṣe lọ́jọ́ náà. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀rọ mi ń gba nǹkan láti òkè, pé bóyá sátẹ́láìtì alára ò tíì rí irú rẹ̀. Baálẹ̀ wo ìlà tó ń gbọ̀n. Ó bi mí ní ìbéèrè kan péré.

"Kó o tó dé, ṣé ó ń ṣe báun?"

Mo ní, "Kò sí ẹ̀rọ níbí kí n tó dé, Bàbá."

"Ìyẹn ni mò ń sọ," ó ní. "Ó lè jẹ́ pé ẹ jọ wá ni."

Àwọn èèyàn fẹ́ rẹ́rìn-ín, Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí gbogbo ayé dákẹ́ kí òun gbọ́ nǹkan náà. Wọ́n dákẹ́. N kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, omi pàápàá ò dún. Ìyá Táyé ti jókòó sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ là.

"Lèsí ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ tábìlì yìí?"

Àwọn kan ti sá sẹ́yìn. Ìyá Táyé ò sá. Ó fa àpò náà jáde, ó tú aṣọ funfun ẹnu rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú gààrí, ó sì mú rédíò kékeré kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń ki mẹ́mórì bọ̀, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí wọ́n fi háńkáṣíìfù wé. Bó ṣe tú háńkáṣíìfù náà, ohùn jáde gbangba. Ohùn màmá mi ni.

Ó ti gba àdúrà ìrìn àjò mi sílẹ̀ látàná. Ó tàn án ní ìdájí kó lè máa bá mi lọ lórí omi, kí Ìyá Táyé sì gbé e síbi tí mo bá sùn. Kò tètè rántí tẹ bọ́tìnì láti dá gbígbà náà dúró nígbà tó gbàdúrà tán, ìdí nìyẹn tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan fi wà lẹ́yìn àdúrà kó tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yẹn sì máa ń pariwo sí ẹ́ríà, pàápàá nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ìràwọ̀ tuntun mi nìyẹn o.

Mo na ọwọ́ láti pa á. Baálẹ̀ ní, "Jẹ́ kó parí. A kì í gé àdúrà ìyá."

Ni màmá mi bá ń bá a lọ: "Olúwa, ọmọ mi yìí, ara ẹ̀ ò balẹ̀. Ba ara ẹ̀ lẹ̀ fún mi. Ìwé tó ń kà tí kò tán yìí, bá mi parí ẹ̀." Gbogbo Efire ní, "Àmín!" "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá iṣẹ́ ẹ̀ padà, má jẹ̀ẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀mẹta." "Àmín!" "Bàbá, fún un lọ́kọ. Ọkọ tí ò ní bẹ̀rù obìnrin tó mọ físíìsì. Kó tilẹ̀ jẹ́ ẹni kúkúrú, a gbà á bẹ́ẹ̀." Àmín tí wọ́n ṣe síyẹn, ó dá mi lójú pé wọ́n gbọ́ ọ ní Òde-Omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ga tilẹ̀ tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ kí yanrìn la ẹnu kó gbé mi mì.

Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan dé, mo pa rédíò náà. Mo wo láptọ́ọ̀pù. Ìlà náà sùn sílẹ̀ gbọọrọ, ó mọ́ ju èyíkéyìí tí mo ti rí rí lọ. Mo wá rí i kedere pé wákàtí méjì tí gbogbo abúlé fi pa ẹnu mọ́ nítorí mi, mo ti fi í gba ohùn ìyá mi sílẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi. Mo gbé àpò gààrí náà, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Táyé, ìkúnlẹ̀ gidi lọ́tẹ̀ yìí, mo fà á lé e lọ́wọ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, ó yẹ kí n ti ṣe é láti àárọ̀. Bí mo bá ti ṣe é ni, inú yàrá rẹ̀ lọ́hùn-ún ni rédíò náà ì bá wà, ibi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ó ní, "Mo ti ń rò ó pé nǹkan mi kọ́ ni." Ó gbé omi tútù náà fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo jókòó, mo mu ún tán.

Wákàtí méjì ló kù kó tó di aago mẹ́rin. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, n kò rìn, n kò dìde. Ìlà sùn títí. Ó ku ogún ìṣẹ́jú ni ó gbérí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gátagàta, kò déédéé rárá, ó sì wálẹ̀. Kò tún gbérí mọ́. Ní aago mẹ́rin géérégé, ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ dún lórí ọ̀sà, iṣẹ́ parí.

Ní Mọ́ńdè, Dókítà ṣí àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣí tèmi sí ìkejì. Ó wá ogún ìṣẹ́jú ìkẹyìn náà kàn. Ohun tí sátẹ́láìtì gbọ́ lókè ọ̀run, gátagàta kan náà ni, lákòókò kan náà. Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀. Mo ti ń dìde nígbà tó tọ́ka sí wákàtí méjì àkọ́kọ́, ó ní, "Èyí wá ńkọ́?"

Mo sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀, àyàfi ọ̀rọ̀ ọkọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o mọ iṣẹ́ tó máa ń gba àwọn tó ń kọ́ irú sátẹ́láìtì yìí lásìkò jù? Kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa gbé e dé òkè. Wọ́n á kọ́kọ́ rí i pé sátẹ́láìtì alára ò pariwo sí ẹ́ríà ara ẹ̀. Ìwọ, odindi abúlé lo pa lẹ́nu mọ́, o wá gbé ariwo tìẹ sábẹ́ tábìlì." Ó sì ní kí n kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, ní ojú ewé tó dáa: orísun ariwo, ẹ̀rọ kékeré kan nínú ẹrù olùwádìí.

Mo padà délé, mo rò fún màmá mi bó ṣe lọ. Mo rò pé á bẹ̀ mí ni. Ó kọ́kọ́ bi mí ìgbà tí mo fa àpò lé Ìyá Táyé lọ́wọ́. Mo jẹ́wọ́. Ó pòṣé. Lẹ́yìn náà ló wá ronú díẹ̀, ó ní, "Dúró ná. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òòrùn yẹn, ó gbọ́ mi?"

"Ó gbọ́ yín, Mọ́mì. Ó gbọ́ yín ju òòrùn lọ."

"Tóò," ó ní, ó sì dìde lọ síbi ọbẹ̀ rẹ̀, "ṣé o rí i pé àdúrà mi ń gòkè."

Ohun tí mo kọ́ ò ju pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tó jìnnà, kó kọ́kọ́ jókòó, kó mu omi tí wọ́n gbé fún un, kó fi nǹkan ẹlòmíràn lé e lọ́wọ́. Mo ti gboyè náà báyìí. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń tú gbogbo ẹrù mi wò, mo sì máa ń rí rédíò kékeré náà níbi tí màmá mi tọ́jú rẹ̀ sí. Mo máa ń pa á, ṣùgbọ́n n kì í yọ ọ́ kúrò. Ní ti ọkọ tí gbogbo Efire ṣe àmín sí, ẹ̀rọ mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan o. Ìlà ṣì sùn gbọọrọ, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń tẹ́tí.